Ẹnì Kejìlélógún

Mo mọ̀ pé ìyàwó Bitrus lóyún oṣù mẹ́ta,
kò tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀.
Mo mọ iye tí Làdí jẹ mẹruwà.
Mo mọ ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn ìjọ,
mo sì mọ ẹni tó kàn ń wúkọ́ eruku,
nítorí ní Mpápé níbí àpáta ni wọ́n ń fọ́ tà,
ìyẹ̀fun òkúta a sì máa ṣíwájú wa jókòó
sórí àga ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.
Àgbà ẹni ọgọ́ta ọdún ń pè mí ní Dádì.

Aago méjì òru, fóònù dún.
Ẹnìkan ń rọbí ní Kátámpè.
Mo wá Bíbélì, mo wá tọ́ọ̀ṣì.
Wúràọlá kọjú sí ògiri.
Nígbà kan rí, a máa sọ̀rọ̀.
A ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde,
ìwọ kó gbogbo rẹ̀ lọ, o ò ṣẹ́ ọ̀kan kù."
A ní, "Ọlọ́run tó pè ọ́, ṣé kò mọ ọ̀nà ilé wa ni?"
Mo fi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn.
Ẹsẹ náà tọ̀nà.
Ìdáhùn náà kò tọ̀nà.

Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
àwọn kan láti Maitama fi bàtà ránṣẹ́, àpò méjì,
kí a pín in fún ọmọ aláìní.
Mo jókòó sábẹ́ tapólì pẹ̀lú rẹ́jísítà,
mò ń kọ orúkọ, mò ń fi rúlà wọn ẹsẹ̀.
Jummai, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.
Ayúbà, òkúta ti ká èékánná rẹ̀ kan lọ.
N kò gbójú sókè mọ́. Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rò.

Ẹsẹ̀ kan dúró síwájú mi,
sáńdààlì tí wọ́n ti tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ pa,
àtàǹpàkò yọrí níwájú
bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé, tó ń retí ẹnìkan.
"Orúkọ?"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Tèmídire, sà."

Sà.

Láti aago mẹ́jọ ló ti tò.
Ó tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ Làdí kọjá síwájú òun.
Òun ni ẹnì kejìlélógún.
Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ní Minna,
kí n tó ní ìjọ, kí n tó ní gbohùngbohùn,
nígbà tí "tèmi" kò ju ẹni méjì lọ nínú yàrá kan.

Mo wá nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú orí mi.
Nọ́ńbà orin ìyìn ni mo bá níbẹ̀.
Mo kúnlẹ̀.
Àwọn ènìyàn rò pé mo fẹ́ gbàdúrà ni, wọ́n dijú.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹsẹ̀ ọmọ mi,
ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.
Nígbà wo?

Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú àpò méjèèjì.
Mo fi bírò lé díákónì lọ́wọ́,
àwa méjì forí lé ọjà, a ò mọ ohun tí a máa bá ara wa sọ.
Fóònù dún. Fóònù tún dún.
N kò ní purọ́: lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé e.
Tèmídire lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò
kí n tó sọ pé kó dúró.
Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tó o nínú ìjọ mi.
"Ẹ pe díákónì," ni mo wí. Ohùn mi gbọ̀n.
Sánmà kò ya.
Ó gbójú sókè wò mí díẹ̀,
bí ẹni tó ń ka owó tí wọ́n ṣẹ́ fún un,
tí kò tíì dá a lójú pé ó pé.