Igi Tó Dorí Kodò

Aago méjì òru ní Ajárá, l'Àgbádárìgì.
Iná ti lọ; bátìrì ku mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo kọ gírámà fún ìwé gbèsè Àǹtí Sẹ̀nàmí,
ẹni tó ń kó àgbọn láti Tọpo lọ sí Sẹmẹ:
ẹyọ mélòó, ta ló gbà á, kí ló kù.
Ẹ̀rọ tó ń sọ gírámà di òǹkàwé ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìjiyàn,
ó bí ọmọ fún mi ní èdè Páítọ̀nù,
fáìlì mẹ́rin, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé.

Ọ̀dọ̀ olùdánwò ni ìyọnu wà.
Mo ní, "Yẹ ọmọ yìí wò."
Ó ní, "Ọmọ wo? N kò rí kíláàsì kankan níbí."
Mo yí ọ̀nà padà, mo tún orúkọ kọ,
mo pa á, mo tàn án,
mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Ègùn.
"N kò rí i."
Fáìlì náà sì rèé lábẹ́ imú rẹ̀!

Ìgbà náà ni mo rántí Àǹtí,
lọ́jọ́ tí aṣọ́bodè kan ń fi Faransé bi í léèrè ẹrù,
tí Àǹtí ń wò ó bí ẹni ń wo òjò.
Kì í ṣe pé kò ní ìdáhùn.

Olùdánwò yìí, Jáfà nìkan ló gbọ́!
Jáfà ni wọ́n fi tọ́ ọ, Jáfà ló fi ń lá àlá.

Mo yọ gbólóhùn Páítọ̀nù kan tí mo tì bọ àárín gírámà,
mo ní kí ẹ̀rọ tún ọmọ bí, ní Jáfà, fún ìdánwò lásán.
Mo pè é. Ó dákẹ́.
Kò bú mi, kò dá mi lóhùn; àmì funfun kan ń ṣẹ́jú.
Mo ń gbọ́ òkun lẹ́yìn ọ̀sà. Bátìrì di mẹ́sàn-án.
Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó mọ̀
pé kò kú: ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀ ni,
kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.
Mo da ìlà kan kọ látinú ìwé náà, bí Àǹtí ti kọ ọ́ gan-an,
mo tẹ àmì tó ń sọ pé ó tán.

Igi bá hù lójú kọ̀ǹpútà,
gbòǹgbò lókè, ewé nísàlẹ̀,
bí òjìji igi àgbọn nínú ọ̀sà láàárọ̀.
Húnpè lórí ewé kan, ọgọ́ta lórí èkejì.
Ewé kan ṣoṣo ló pupa fòò:
Àǹtí fi Ègùn kọ "gbèsè",
èmi ò sì kọ́ òǹkàwé mi ní Ègùn.
Mo fẹ́ tún un ṣe. Bátìrì kú.