Iná Tí Kò Tàn

Ejò ò gbé Whalsay rí.
Erékùṣù wa ò nígi, ó ní àgùntàn,
ó ní òkun tó ń lá òkúta tọ̀sán-tòru.
Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo gbé méjì wọlé nínú àpò ìrọ̀rí,
Gibbie, bàbá tó bí ìyá mi, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀,
ó ní, "Osla, okùn wo lo dì síbẹ̀?"
Láti ọjọ́ náà, okùn ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀:
Okùn Pupa, Okùn Kékeré.
Àwọn apẹja àtijọ́ ní ohun tí wọn kì í pè lórúkọ lójú omi.
Lójú tirẹ̀, yàrá ìdáná wa náà, òkun ni.

Ilé olókùúta. Òtútù ibẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn,
ó ti jókòó kí a tó jí.
Àwa a wọ súẹ́tà méjì, a mu tíì.
Ejò ò ní ààrò nínú ara;
bí ilé bá ṣe tutù ni òun náà ṣe ń tutù,
oúnjẹ tó gbé mì a sì jókòó sí i nínú bí òkúta.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kan àpótí fún wọn, mi ò sì kàn án dáadáa.
Mo so gílóòbù kan rọ̀, mi ò fi nǹkan bò ó.
Okùn Pupa lọ́ mọ́ ọn bí ọmọ ṣe ń lọ́ mọ́ ìyá.
Kò mọ̀ pé òun ń jóná,
ohun tó mọ̀ ni pé ara òun ń móoru.
Ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ó funfun, ó bó.

Gibbie ò bú mi.
Ó wo ọgbẹ́ náà títí,
ó ní, "Ta ló ń gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀ láìdáàbò bò ó?"
Ló bá fa kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi àgbà jáde,
èyí tí òórùn káńfọ̀ ò tíì kúrò nínú rẹ̀,
ó dà á délẹ̀, ó gé ojú rẹ̀, ó fi dígí tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ sí i,
ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i.
Ó kun ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ká dúró
títí imú òun ò fi ní gbọ́ òórùn ọ̀dà mọ́.
Iná tó rà kì í tàn: amọ̀ funfun lásán, ó gbóná, kò mọ́lẹ̀.
Ó fi àwọ̀n irin ká a mọ́.
Ó de okùn tamọsítáàtì síbi tí ejò ń sùn sí gan-an,
kì í ṣe lókè àjà, níbi tí ooru ti ń purọ́.
Ìhín ọgbọ̀n, ọ̀hún mẹ́tàlélógún,
kí ẹni tó bá ti yáná tó lè dìde nídìí ààrò.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àpótí náà fi gbóná lófìfo,
òun sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé tó fi ń ṣírò ìgbà tí omi òkun ń kún.

Oṣù kìíní, ìjì já wáyà. Iná lọ.
Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlélógún. Ogún.
Gibbie kó wọn sínú àpò ìrọ̀rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀,
ó kì wọ́n bọ abẹ́ súẹ́tà, ó jókòó.
"Má fara kàn mí," ó ní, "okùn ń bẹ lọ́wọ́ mi."
Bó ṣe jókòó nìyẹn tí ilẹ̀ fi mọ́.

Iná dé ní aago mẹ́sàn-án.
Kò jẹ́ ká dá wọn padà títí àpótí fi gbóná dọ́gba.
Nígbà tí Okùn Pupa fà jáde lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀,
tó ń fi ahọ́n tọ́ afẹ́fẹ́ wò,
mo gbọ́ tó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "Ejò,"
bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gúnlẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló wá gègé, ó kọ ọ́ sílẹ̀:
mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.