Àlímátù Méjì

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé-ìwòsàn wa ní Ẹ̀pẹ́,
páálí ni gbogbo aláìsàn.
Okùn àwọ̀n tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń dì wọ́n.
Ikán ń jẹ orúkọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀,
òjò ń gba ihò àjà wọlé wá kàwé,
kò mọ ìwé òkú yàtọ̀ sí ti alààyè.

Ó lọ́jọ́ kan tí èmi náà ò mọ̀yàtọ̀.

Àlímátù Sálákọ́ méjì la ní.
Ọ̀kan ń ránṣọ ní Òkè-Balógun.
Ọ̀kan ń ti Èjìnrìn wá, òórùn ẹ̀gẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.
Kókó lọ́yàn òsì, àwọn méjèèjì, nínú oṣù kan náà.
Èsì dé láti Ìdí-Àràbà nínú àpò ìwé funfun,
ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀,
ebi ń pa mí, iná ti lọ.
Mo fi ti ọ̀kan sí páálí èkejì.

Ni wọ́n bá sọ fún ará Èjìnrìn pé kò sí jẹjẹrẹ.
Ó gbé gàrí kóńgò méjì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa.
Mo gba tèmi.
Mo mu ún pẹ̀lú ẹja sísun.

Oṣù méje kọjá kí wọ́n tó rí àṣìṣe náà.
Kò sí nọ́ńbà fóònù nínú páálí rẹ̀,
àfi "ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí", tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.
Nígbà tí a rí i, ó ti wọ egungun.
Wọ́n ní orúkọ ló jọra, wọn ò bá mi wí.
Ìbá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Nísinsìnyí ẹ̀rọ kan wà lórí tábìlì mi,
gíláàsì rẹ̀ sán lápá ọ̀tún,
agbára oòrùn ló ń gbé e ró tí iná bá ṣe bí iná.
Kì í jẹ́ kí n sáré.
Mo tẹ orúkọ, ó béèrè ọjọ́ ìbí,
ó béèrè orúkọ ìyá,
ó gbé fọ́tò jáde, ó ní kí n wojú ẹni tó jókòó síwájú mi.
Irin ló wá kọ́ mi bí a ṣe ń woni lójú.

Àwòrán inú ọyàn kì í wọkọ̀ mọ́.
Kí omi orí sítóòfù mi tó hó, ó ti dé Ìdí-Àràbà,
dókítà tí n kò rí rí ti fa òbìrí pupa
yí ibi tó ń kọ ọ́ lóminú ká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá,
nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé tẹ ìwọ̀n oògùn Màmá Rábíù,
ẹ̀rọ kọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀.
Ó ní: ẹ tún un wọ̀n.
Kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin ti di méjìdínlọ́gọ́ta.
A ò mọ̀; bùbá mẹ́ta ni màmá wọ̀ léra
kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà rí eegun èjìká rẹ̀.
Oògùn ọjọ́ náà ìbá pọ̀ jù fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

N ò pè é ní alágbára. Ó máa ń dákú.
Kò mọ ìdí tí èèyàn fi ń wọ bùbá mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ò bá wá gba oògùn,
orúkọ rẹ̀ á máa ṣẹ́jú láwọ̀ ọsàn,
n ò sì lè tilẹ̀kùn lọ sílé láìpè é.

Nígbà tí a ń kó páálí sínú rẹ̀,
Àlímátù ti Èjìnrìn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀,
ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti lọ.
Òun ni nọ́ńbà kìn-ín-ní.
Dókítà àgbà béèrè ìdí. Mo ní ẹ̀rọ ló yàn án.

Ará Òkè-Balógun ṣì ń wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún.
Mo tẹ orúkọ. Ẹ̀rọ ní: Àlímátù wo?
Ó tò wọ́n síwájú mi: obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín,
àti orí aláwọ̀ eérú kan tí kò lójú.
Mo máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn.