Òrùka nínú Ife Tíì

Bohdan ní kí n bọ́ òrùka ìgbéyàwó mi:
"Wúrà àti iná kì í bá ara wọn ṣeré."
Mo jù ú sínú ife tíì tó ti tutù.

Ọjọ́ méjì ni bátìrì mẹ́rin náà fi jókòó
nínú yàrá abẹ́ ilé wa ní Yorkton
kí òtútù ọ̀nà tó fi ara wọn sílẹ̀.
"Ẹni tó ń gbọ̀n, ṣé wàá rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu?
Lítíọ́ọ̀mù tó dì, inú ló ti ń bàjẹ́,
ojú kì í rí i."

Bàbá mi ní Ìkìrun, eyín ló fi ń bó wáyà.
N kò sọ fún Bohdan.

Mo fẹ́ tò wọ́n léra, kí n so wọ́n pọ̀, kí n lọ sùn.
Ó gbá mi lọ́wọ́ mú.
A wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan: ẹ̀kẹta ò yó tó àwọn yòókù.
"So wọ́n báyìí, kí o rí ìjà ọmọ ìyá."
A fún un níná, a jókòó tì í,
a ò jẹ́ kí páálí kankan sún mọ́ ọn,
Bohdan ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó kú
títí iná kékeré náà fi di àwọ̀ ewé.

Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú.
Mo fi sípánà dè é.
Ó tú u, ó tún un dè.

Lóru, ìjì yìnyín já wáyà ìlú.
Àdúgbò ṣú. Tiwa ò ṣẹ́jú.
Mọrádéyọ̀ gbé ife mi kó lọ fọ̀ ọ́,
ó mì ín, ó fetí sí i:
"Kí ló ń dún nínú tíì yìí?"