Ìbéèrè Kẹfà

Wọ́n ní kí n sọ ilẹ̀ di fáìlì.
Ìwé wọn dé orí tábìlì mi, ó ní òǹtẹ̀, ó ní gbèdéke:
ẹ̀kọ́ méjìlá, ìbéèrè mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan,
fídíò tí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ
kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà sùn.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ wọn nípa ilẹ̀
nínú gbọ̀ngàn tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀,
tí wọ́n ń sùn lójú mi kòrókòró,
tí mo ń ju ṣọ́ọ̀kì lù wọ́n.
Báwo ni wọ́n ṣe ń ju ṣọ́ọ̀kì gba inú fóònù?

Sàádù ọmọ Pàkátà ló gbé kámẹ́rà wá.
A dúró kí àwọn jẹnẹrétọ̀ Tánkẹ̀ dákẹ́.
Wọn ò dákẹ́.
Nígbà tó di aago mẹ́rin òru,
mo fi aṣọ ìbora bo fèrèsé, mo ní,
"Ẹ káàbọ̀ sí ẹ̀kọ́ kìíní."
Àkùkọ ilé kejì ló dá mi lóhùn.

Sàádù ní òun á gé àkùkọ náà kúrò.
Ó gé e. Ó gé ikọ́ mi mọ́ ọn,
ó gé ibi tí mo ti ní "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ jẹ́ n rántí ná".
Nígbà tó gé e tán,
ohùn kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí mi ò mọ ìyá tó bí i.

A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele.
Ìyá Sínọ̀tù ń po amọ̀, kò wojú kámẹ́rà,
ó kàn bi wá pé,
"Ṣé ẹ̀rọ yín yìí ń gbóòórùn?"
Mi ò rí èsì fún un títí di òní.

Fídíò ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó wúwo pẹ̀lú:
dátà tí yóò gbà á sílẹ̀ ju owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lọ
fún ọmọ tó ń gun àpáta Òkè-Òdè kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
A wá fún un bí ẹni ń fún aṣọ,
a fún un, a fún un,
títí ọwọ́ ìyá náà fi ku ìka méje.

Mo pa fídíò tì, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
*Bu ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìnkùlé yín.
Ta omi sí i. Pò ó. Fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí òwú.
Bó bá já, iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀.
Bó bá gùn tó ìka àárín, amọ̀ ni.*
Ìbéèrè kẹfà: *ṣé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ fún iṣu?*
Ìdáhùn: *Rárá.*

Ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Moríyìíkẹ́:
"Mà, ẹ dákun, ẹ má bínú.
Mo bu ilẹ̀ oko bàbá mi, mo yí i,
ó gùn ju ìka àárín mi lọ.
Ibẹ̀ náà sì ni iṣu tí wọ́n fi sanwó ilé ìwé mi ti ń ta.
Ebè wa ga dé àyà, omi ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ yín fún mi ní òdo.
Bàbá mi ní kí n sọ fún yín
pé inú odó làwọn ń gún un,
kì í ṣe inú òdo."

Orí ìdúró ni mo ti kà á.
Ọ́fíìsì ní wọ́n ti buwọ́ lu ẹ̀kọ́ náà,
ó di sáà tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́.
Aago mẹ́rin òru, mo wọlé, mo pa *Rárá* rẹ́.
Mo kọ: *Ó dọwọ́ bí ebè bá ṣe ga tó.*
Mo tan máíkì, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́,
mo dárúkọ ọmọ náà, mo dárúkọ oko náà.
Àkùkọ kọ.
Mi ò gé e.

Ó ku ìbéèrè mọ́kàndínlọ́gọ́fà.