Àsíá Tó Ya

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí aago kónílé-ó-gbélé tó lù,
Bàbá Ṣóẹ̀tan, aṣọ́gbà ilé-ìwé, kan ilẹ̀kùn mi n'Ìbarà.
Ó ká nǹkan sínú ọ̀rá búrẹ́dì, ó há a mọ́ abíyá
bí ẹni tó jí adìyẹ gbé.
"Ìyá Abáyọ̀mí, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó ṣì ṣeé rán?"
Mo tú u. Àsíá ni.
Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣá, ó dà bí ẹ̀fọ́ àná,
funfun rẹ̀ ti mu eruku yó,
etí rẹ̀ kan sì ya láti òkè délẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ta ló fẹ́ rí i?
Ilé-ìwé ti wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
àwọn olùkọ́ ò rí owó oṣù,
ewúrẹ́ ló ń sùn ní kíláàsì kẹrin."
Ó ní, "Èmi ń rí i.
Láràárọ̀ ni mò ń fà á sókè.
Èmi àti ewúrẹ́, a jọ ń dúró."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.
Abáyọ̀mí wà nínú yàrá lẹ́yìn mi,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú bí iṣu ewùrà
láti ọjọ́ tí wọ́n tú wọn ká ní Pánsẹ́kẹ́,
tí èéfín táyà bo ojú oòrùn,
tí ọwọ́ Olújìmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín èrò.
Olújìmí kò tíì délé dòní.

Kí ni kí n fi àsíá ṣe?
Ìlú yìí jẹ mí ní gbèsè:
iná tí mo sanwó rẹ̀ tí kò tàn,
owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi,
ọkùnrin tó tò sórí ìlà títí tó fi di òkú tó ní nọ́ńbà.
Ìdìbò mẹ́fà ni mo tẹ̀ka fún.
Tàdáwà ṣá kúrò ní èékánná mi,
ìlérí ti ṣá ṣáájú rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú aránṣọ kì í rí yíya kí ọwọ́ má wá abẹ́rẹ́.
Aṣọ àwọ̀ ewé tán nílé, Ìtòkú sì ti tì.
Mo ṣí àpótí,
mo gé ẹ̀yìn ẹ̀wù ilé-ìwé Abáyọ̀mí,
èyí tó wọ̀ nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ká.

Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé
nígbà tí ogun lé wọn wá sábẹ́ òkúta,
òkúta ni gbogbo ayé ń kì.
"Òkúta kò se ọbẹ̀," ni yóò wí.
Ó ní obìnrin kan wà láàárín wọn
tó di kóró ilá mọ́ etí ìró rẹ̀
nígbà tí àwọn yòókù ń di ìlẹ̀kẹ̀.
Kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ yẹn:
ọwọ́ tó ń sá lọ,
tó ń gbèrò ọbẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án, ọkọ̀ ológun ń ré kọjá sí afárá Láfẹ́nwá.
Mo pa àtùpà.
Mo ń fi ìka tọ ojú ìrán nínú òkùnkùn.
"Màmá, ṣé nǹkan yẹn lẹ̀ ń rán lóòótọ́?"
"Òun ni."
Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn.
Ó wá ní, "Ẹ rán an le. Atẹ́gùn pọ̀ lókè níbẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ lé Bàbá Ṣóẹ̀tan lọ.
Àbùlẹ̀ náà hàn ketekete,
ewé tuntun lára ewé tó ṣá, wọn ò bára mu.
Ó fà á sókè. Ewúrẹ́ kan gbójú sókè.
Ìyá Olújìmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.
Kò wo àsíá. Ọ̀nà ló ń wò.
Mo lọ dúró tì í,
mo bá a wò ó.