Omi Tètè Hó ní Pótósì

Nílùú wa, omi kì í ní sùúrù.
O gbé e kaná, o yíjú, ó ti ń hó yaya,
ó ń ti ìdérí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yún lẹ́nu.
Àmọ́ wo ẹ̀wà inú rẹ̀:
ó ṣì le bí òkúta.

Ìyá àgbà mi, Senobia, kò kàwé.
Ìdájí ló ti ń gbé ẹ̀wà kaná,
á wá jókòó tì í, á máa fi irun àgùntàn hun ìbọ̀sẹ̀.
"Iná ń jó, omi ń hó,
ẹ̀wà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọdún kìíní ní yunifásítì, kíláàsì físíìsì ti àwa nọ́ọ̀sì.
Olùkọ́ Ticona fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó:
ipá; fi ìfẹ̀ ojú ibi tó tẹ̀ mọ́ pín in.
Mo dà á kọ. Kò yé mi.
Méjìdínlógún ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún.
Ta ló tilẹ̀ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ físíìsì?
Abẹ́rẹ́ ni mo wá kọ́, àti bí a ti ń di ojú egbò,
àti ohun tí a ń sọ fún ẹni tó ń kú lọ.

Nígbà tí mo tún kíláàsì náà ṣe,
Ticona gbé sítóòfù wá, àti ìkòkò, àti tẹmómítà.
Omi hó. Ó ní kí n kà á.
Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Mo nù ún, mo tún kà á. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Ó ní, "Létí òkun, afẹ́fẹ́ nípọn bíi kóòtù mẹ́ta téèyàn wọ̀ léra,
ó jókòó lé omi lórí;
omi gbọ́dọ̀ gbóná dé ọgọ́rùn-ún kó tó lè tì í dìde.
Lókè tiwa níbí, ta ló jókòó lé e?"
Àwọn yòókù ń kọ̀wé.
Èmi ń ro ẹ̀wà.

Lóṣù karùn-ún wọ́n kó wa lọ sí wọ́ọ̀dù.
Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án: Don Melitón,
awakùsà láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
Eruku òkè ti di símẹ́ńtì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.
Mo fi ẹ̀rọ há a ní ìka: mọ́kànléláàádọ́rin.
Kì í ṣe pé ọ́síjìn kò sí nínú afẹ́fẹ́ wa;
ìdá kan nínú márùn-ún ni, bíi ti etíkun gan-an.
Ẹni tí yóò tì í wọlé ni kò sí.
Mo ṣí ọ́síjìn inú sìlíńdà, ó ń sú fééfé.

Sísítà Hilaria ní, "Yí i padà ní wákàtí méjì méjì.
Má sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì."
Mo ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
mo wo gìgísẹ̀ náà: kò fẹ̀ ju owó ẹyọ kan lọ,
ẹsẹ̀ odindi ló gbára lé e.
Ipá. Fi ìfẹ̀ pín in.
Ohun tí mo fìdí rẹmi lé lórí
ló ń di egbò lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Kí lò ń kùn sẹ́nu?"
"Físíìsì ni, bàbá."
Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́.
"Nínú ihò, a kì í fi orí igi ṣóńṣó gbé òkè dúró.
A ó kọ́kọ́ tẹ́ pákó gbòòrò sáàárín wọn.
Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nìyẹn?"
"Ìyẹn náà ni, bàbá."
"Ẹ̀ ń sanwó fún un?"

Ọjọ́bọ̀ kejì, èmi àti Hilaria la wẹ òkú rẹ̀.
Mo wẹ ẹsẹ̀ kẹ́yìn.

Èsì dé: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Mo fi owó tó kù ra ìkòkò onídèérí tó ń tì pinpin.
Ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀wà rọ̀.
Ìyá àgbà tọ́ ọ wò, ó ní kò dùn tó ti àtijọ́.
Ó bi mí, "Èló lo gbà?"
Mo ní, gìgísẹ̀ méjèèjì, kò sí egbò kankan.